Mọ́tò tó ń dún "kọ́" tí kò jí: ìrírí mi pẹ̀lú Camry 1999

Ẹni tó bá ń wa mọ́tò tó ti pẹ́ láyé nílùú Ìbàdàn á ti gbọ́ ọ rí: "Brain box ẹ̀ ló ti lọ," ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà, kì í sì í ṣe ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ọ. Toyota Camry 1999 ni mọ́tò tí mò ń wí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Pencil Light, ẹ́ńjìnnì 5S-FE oní-lítà 2.2. Bàbá àwọn ọmọ mi ló ń wà á tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí wàhálà rẹ̀ dé, láàárọ̀ ó máa ń kíìkì pẹ́ títí kó tó jí. Lọ́sàn-án, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á níwájú ọjà tí mo tún fẹ́ sítáàtì rẹ̀, á dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Tó bá wá jí tán, sìlóò rẹ̀ ò ní dúró sójú kan, tí mo bá sì tan AC nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀, ó kú nìyẹn.

Sìlóò ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dá yí jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí tọ́tù. Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, tó bá ti gbóná tán, nǹkan bíi 700 sí 800 ló yẹ kó wà lórí aago RPM, tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Tèmi á gun 1,500, á já wálẹ̀ sí 500, á tún gòkè.

Mẹkáníìkì kan ní ká lọ ra brain box tokunbo. Òmíràn ní ká pààrọ̀ gbogbo sẹ́ńsọ̀ pátá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ò tíì ṣí tí wọ́n fi ń sọ gbogbo èyí o. Ohun tí mo wá rí nígbẹ̀yìn ni pé àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kóra jọ sára mọ́tò kan. Torí pé wọ́n jọ dé lásìkò kan náà la ṣe ń wá ẹyọ oògùn kan tó máa wo gbogbo wọn sàn, kò sì sírú oògùn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀ ká mú ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀nà tó là.

Ẹ jẹ́ n mú "kọ́" yẹn ṣáájú, torí òun ló ń dójú tini jù ní gbangba. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì ò yí rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ epo, pulọ́ọ̀gì tàbí brain box fún yín. Ọ̀rọ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bátìrì, orí bátìrì, wáyà ńlá tó lọ sí kíkì sítátà (ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí) àti èyí tó so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú kíkì sítátà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí Neutral, torí swíìtì ara jíà máa ń ṣẹ̀tàn nígbà mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná iwájú, kí ẹnìkan dúró níwájú mọ́tò máa wo iná yẹn bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Tí iná bá rẹ̀wẹ̀sì bíi pé ó fẹ́ kú, bátìrì ni ò lágbára, tàbí kí orí rẹ̀ ti tú tàbí kó ti hu funfun. Tí iná bá ń mọ́lẹ̀ kedere bí "kọ́" ṣe ń dún, agbára wà nínú bátìrì, kò wọnú kíkì sítátà ni. Mítà olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníná fi ń wọn wáyà ilé á sọ ìyókù. Bátìrì tó yó, tó sùn mọ́jú, á fi nǹkan bíi fólìtì 12.6 hàn. Bí ẹ ṣe ń kíìkì, kò yẹ kó já kọjá 9.6. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí ẹ bá wá fi ẹnu mítà kan sórí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù, tí ẹ fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì, tí ohun tó hàn nígbà tí wọ́n ń kíìkì bá ju ìdajì fólìtì lọ, wáyà ilẹ̀ yẹn ò dáa.

Tèmi yege nínú gbogbo ìdánwò wọ̀nyí. Iná ń mọ́lẹ̀ kedere, "kọ́" ń dún. Bọ̀dá rẹwáyà tó wà ní àdúgbò wa bá tú kíkì sítátà sílẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó sì pè mí wá wò ó. Nínú orí rẹ̀, níbi tí iná gbà ń wọlé, bàbà kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀pá kan tó ní awo bàbà lẹ́nu á wá fò kàn wọ́n papọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bàbà yẹn ṣì nípọn. Èkejì, èyí tó kọjú sí wáyà bátìrì, ti jẹ wọnú débi pé ẹnu rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, awo ara ọ̀pá náà sì ti jó dúdú, àfi etí kan péré tó ń dán. Ibi tó ń dán yẹn nìkan ló kù tó ń fọwọ́ kan bàbà.

"Mọ́mì, ẹ wò ó," ó wí, "kíkì yìí ò bàjẹ́ o. Bàbà ẹ̀ ló jẹ tán. Ẹ má ra òmíràn."

Ìdí tó fi jẹ́ ọ̀sán ló ń ṣẹ̀tàn jù ni pé tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, wáyà inú kíkì sítátà náà á gbóná, iná á ṣòro kọjá nínú rẹ̀, ọ̀pá yẹn ò sì ní fò délẹ̀ dáadáa. Bàbà tuntun méjì ló fi sí i, ó fọ awo ọ̀pá náà mọ́, ó dè é padà. Owó tó gbà kò tó nǹkan kan lára iye tí wọ́n ti bù fún mi pé kí n fi ra odidi kíkì tokunbo. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá lè tú nǹkan kó sì fi ibi tó bàjẹ́ hàn mí, ju ẹni tó kàn máa ní ká lọ ra tuntun lọ.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá ká mọ́ lójú ọ̀nà: tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí jíà wà ní Park, kí háńdì bíréèkì wà lókè, kí ẹnìkan fi sípánà táyà kan ara kíkì sítátà jẹ́jẹ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Ó máa ń jí lọ́pọ̀ ìgbà, á sì gbé yín délé. Àwọn ọmọ àdúgbò á ti máa sáré bọ̀ láti bá yín tì í. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mọ́tò ọtomátíìkì bí irú èyí kì í jí nípa títì.

Ti àárọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, kíkì sítátà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń yí gírígírí, kò kàn jí ni. Tó bá sì ti jí lẹ́ẹ̀kan, wàhálà yẹn tán títí di ọjọ́ kejì. Èyí ló jẹ́ kí n fura sí epo. Tó bá jẹ́ pé iná pulọ́ọ̀gì ni, kì í sábà mọ̀ bóyá ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Inú fúùlù pọ́ǹpù, tó wà nínú táńkì, ní ohun kan tó ń dí ọ̀nà kí epo tó ti gun páìpù má bàa ṣàn padà. Tó bá ti gbó, gbogbo epo á padà sínú táńkì lóru, pọ́ǹpù á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Mẹkáníìkì tí mo bá ṣe èyí fi géèjì sójú ọ̀nà epo. Agbára epo lórí ẹ́ńjìnnì yìí yẹ kó wà láàárín 38 sí 44 psi, kó sì di èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa á. Tèmi dé ibi tó yẹ kó dé, ṣùgbọ́n bí a ṣe pa á báyìí ni géèjì ń já wálẹ̀. Nọ́sù, èyí tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì, náà lè fa irú ẹ̀ tó bá ń jò, ni a bá tú pulọ́ọ̀gì láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí a tó kíìkì. Gbogbo wọn gbẹ, kò sí òórùn epo kankan. Nọ́sù ò jẹ̀bi. A pààrọ̀ pọ́ǹpù, ó parí.

Kò yà mí lẹ́nu pé pọ́ǹpù yẹn gbó. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan ti orí iye tí kò tó náírà 200 fò kọjá 480, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, tí iná pupa táńkì ò fi kú mọ́ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Epo tó wà nínú táńkì ló ń mú pọ́ǹpù tutù. Tó bá ń fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ lórí epo ìsàlẹ̀ lásán, ooru á pa á, á sì máa fa gbogbo ìdọ̀tí tó ti rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ bí owó ṣe rí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, síbẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì ni mi ò jẹ́ kí tèmi bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí owó pọ́ǹpù ju owó epo yẹn lọ.

Ó wá ku sìlóò. Ibẹ̀ ni ọwọ́ èèyàn ti ba nǹkan jẹ́ jù.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sìlóò, awo inú throttle tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ti padé. Ihò kékeré kan ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fáàfù kan tó wà nísàlẹ̀ throttle ló sì ń ṣí ihò náà tàbí kó dín in kù, bí brain box bá ṣe ní kó ṣe é. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á ṣí i sí i. Tí ẹ bá tan AC, tó jẹ́ ẹrù tuntun fún ẹ́ńjìnnì, á tún ṣí i sí i kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Ìyẹn ni pé mọ́tò tó ń kú nígbà tí a bá tan AC ń sọ fún yín pé fáàfù yìí ò rìn dáadáa. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ti ṣe sí tèmi. Wọ́n ti fi sukudiráfà yí ìdè tó ń dá awo throttle dúró, wọ́n sì ti fa wáyà tọ́tù le, kí sìlóò lè ga ní tipátipá. "Mọ́mì, a ti bá yín fa slow ẹ̀ sókè," ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, wọ́n sì gba owó rẹ̀. Ìdè yẹn, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló ti gbé e síbi tó yẹ kó wà. Ẹni tó bá yí i, ó bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni, ó sì da ìṣirò brain box rú, torí awo tó yẹ kó padé ò padé mọ́.

Èyí tó bí mi nínú jù ni thermostat. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí mo béèrè ìdí, àlàyé tí mo gbọ́ ni pé ilẹ̀ wa gbóná, àwọn tó ń gbé nínú yìnyín ló nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló wà láàárín ìlú wa tí wọ́n ti ṣe báyìí fún, onímọ́tò ò sì mọ̀. Thermostat kì í ṣe ohun tó ń mú mọ́tò gbóná jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di omi mú títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́, ti ẹ́ńjìnnì yìí sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí ìwọ̀n 82 lórí Celsius. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi á kàn máa yí lọ yí bọ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Brain box á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á máa da epo púpọ̀ sí i, á sì máa gbé sìlóò ga. Ẹ ó máa jó epo tí ẹ ò lò.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. Mo ra scanner kékeré tó ń ka ohun tí brain box ń rí, tó sì ń fi í hàn lórí fóònù. Ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lábẹ́ ìdarí ọkọ̀, gbogbo mọ́tò tí wọ́n bá ti tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní i. Mo wa mọ́tò láti Bódìjà títí dé Challenge, lójú oòrùn, ìwọ̀n ooru omi ẹ́ńjìnnì ò sì kúrò ní àádọ́ta àti díẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní sẹ́ńsọ̀ omi ló ń parọ́. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ ń parọ́ láìná kọ́bọ̀. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí mọ́tò ti sùn mọ́jú, omi inú ẹ́ńjìnnì àti afẹ́fẹ́ àyíká ti di ìkan náà. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, kẹ́ ẹ wo ohun tí sẹ́ńsọ̀ omi sọ, kẹ́ ẹ wo ohun tí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ sọ. Tí wọ́n bá jìnnà síra, ọ̀kan ń parọ́. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí n rà ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, omi ló tutù lóòótọ́.

A da omi inú rẹ̀ nù, omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti ń bù sí i, ó pupa bí omi ìlẹ̀pa. A fọ̀ ọ́, a fi thermostat sí i, a sì da coolant gidi sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru rẹ̀ á gòkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á jókòó sí nǹkan bíi 85 sí 90, fáànù á ṣí, á kú, bó ṣe yẹ. Kò gbóná jù rí látìgbà náà.

Síbẹ̀ sìlóò ṣì ń lọ sókè sódò. Mo wá fura pé afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan. Mo bu omi sínú ike tí a fi ń fún omi sáṣọ nígbà tí a bá ń lọ̀ ọ́, mo sì ń fún un díẹ̀díẹ̀ sí ìdí gbogbo hóòsì tó wọ inú manifold, páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi carburettor cleaner ṣe èyí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná lè gbà á. Ẹ má sì fún omi sára kọ́ìlì tó ń fún pulọ́ọ̀gì níná. Nígbà tí omi kan hóòsì kan tó ti ẹ̀yìn ìdérí ẹ́ńjìnnì wá, ẹ́ńjìnnì kọ́ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ yí padà. Lókè, hóòsì náà ò lábùkù. Nígbà tí mo tẹ ìka sábẹ́ rẹ̀, ó ti gan bí igi, ó sì ti sán gbọọrọ níbi tí ojú ò lè dé.

Ẹ́ńjìnnì yìí ń fi sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára ìfà inú manifold mọ iye afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Nítorí náà tí afẹ́fẹ́ bá gba ibi tó sán wọlé, brain box á rí i, á da epo tó bá a mu sí i, sìlóò á ga. Tó bá ga kọjá ààlà nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí tọ́tù, á gé epo. Ẹ́ńjìnnì á já wálẹ̀, á tún dá epo padà, á tún gòkè. Ijó tí mọ́tò mi ń jó nìyẹn. Hóòsì tí owó rẹ̀ ò ju owó oúnjẹ ọ̀sán kan lọ ló fà á.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá ni a tó tú throttle, torí hóòsì omi gba ìdí rẹ̀ kọjá. Inú rẹ̀ dúdú kirimú. A fi cleaner àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ awo náà àti fáàfù ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí tó fi ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. A dá ìdè padà síbi tí awo ti ń padé láìhá, a dẹ wáyà tọ́tù díẹ̀. Tí wọ́n bá tún so bátìrì padà lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí, sìlóò lè ṣe ségesège fún ìgbà díẹ̀ kí brain box tó kọ́ ìwọ̀n tuntun. Ẹ fún un láyè, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi sukudiráfà kàn án. Tèmi fara balẹ̀ sí nǹkan bíi 750, mo tan AC, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó gbé ara rẹ̀ dìde.

Pulọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ ò ní ẹ̀bi púpọ̀ nínú tèmi, ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n. Lálẹ́ tí iná ọba bá lọ, tí òkùnkùn bolẹ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Wáyà tó bá ti là, ẹ ó rí iná tó ń fò ṣẹ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Kọ́ìlì méjì ló ń bá pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì yìí, tí ọ̀kan bá kú, pulọ́ọ̀gì méjì ló kú. Tí ẹ bá rí ọ́ìlì nínú kòtò pulọ́ọ̀gì, rọ́bà ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ti gan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra pulọ́ọ̀gì. Àlàfo ẹnu pulọ́ọ̀gì tuntun, 1.1 mìlímítà ni.

Ẹni tó bá tún pọn dandan fún láti ra páàtì, yálà ní Agódi Gate lọ́dọ̀ wa tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, kó gbé ti àtijọ́ dání, kó fi í wé tuntun lójú ọlọ́jà. Kíkì sítátà tokunbo, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì níwájú yín kó yí dáadáa, kẹ́ ẹ tó kó owó sílẹ̀. Thermostat náà, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná, kẹ́ ẹ máa wo bó ṣe ń ṣí kí omi tó hó. Èyí tí kò bá ṣí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó gbàgbé ojú yín.